Àlejò Kẹsàn-án

Inú páálí mílíìkì ni wọ́n ti bá a,
lẹ́bàá ojú irin rélùweè,
òun nìkan ló ṣì ń mí nínú mẹ́ta.
Múkáílà tó ń ta káàdì ló gbé e gun Òkè-Baálẹ̀ wá.
Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gba irú èyí."
Irú èyí.
Mo wo irú èyí. Kò tó bàtà mi.
Eégbọn tò sí i létí bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ó gbọ̀n, ó tọ̀ sí mi láṣọ, ó sùn.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ó dáa.
Ta ló fọn fèrè fún èyí?

Èmi kì í sọ wọ́n lórúkọ.
Ẹni tó bá sọ ní lórúkọ ló ni ní.
Àlejò ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ mi:
Àlejò Kìíní, tó bá tíṣà kan lọ sí Ìwó;
Àlejò Kẹta, tó jẹ Bíbélì mi,
ó jẹ Jẹ́nẹ́sísì, ó jẹ Ẹ́kísódù,
ó dé Léfítíkù, ó bì;
Àlejò Karùn-ún, tó wà nídìí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé.
Ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀.

Bàbá Ráúfù yọjú lórí ògiri:
"Ṣé ẹ fẹ́ máa tà wọ́n ni?"
Rárá.
"Àbí ẹ fẹ́ máa jẹ wọ́n?"
Ẹ̀yin náà, Bàbá Ráúfù!
"Kí wá ni èrè ibẹ̀?"
Mo ń fọ síríǹjì lọ́wọ́, mi ò dáhùn.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí nílùú yìí.
Mo gba ọmọ, mo nù ún, mo gbé e fún ẹni tó ni ín,
mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo wọ mọ́tò, mo lọ sílé.
Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè èrè nígbà náà.

Wákàtí méjì-méjì lóru, iná ò sí,
mo fi eyín há tọ́ọ̀ṣì,
mo ń kán mílíìkì sí i lẹ́nu.
Lọ́jọ́ kẹjọ ó lajú.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún ó gbó òjìji ara rẹ̀,
ẹ̀rù bà á, ó sá wọ abẹ́ yẹ̀rì mi.
Òru ọjọ́ yẹn ni mo ṣìnà.
Mo pè é ní Dúró.
Ẹ̀ẹ̀kan péré, wúyẹ́wúyẹ́,
orúkọ tí mo fi bẹ ọmọ kan rí,
tí ọmọ náà ò sì dúró.
Kò sẹ́ni tó gbọ́.
Ó gbọ́. Ó gbé etí kan sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnbi wá láti Ìgbọ̀nà,
ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe,
òun àti ọmọ rẹ̀, Fadérera, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.
Mo jókòó tì wọ́n bí ẹni tó fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ:
Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ṣé géètì yín ń tì?
Lọ́jọ́ ọdún Ògún ńkọ́?
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.
Mi ò bá a rín in.
Ó dákẹ́, ó ní, "Màmá, kò séwu. Mo ṣèlérí."

Fadérera ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"
Ẹnu mi là. Mo pa á dé.
Mo ní, "Kò ní. Ìwọ lo máa sọ ọ́."
Kò tiẹ̀ ronú:
"Bísíkíìtì!"

Ọmọ ènìyàn là ń bẹ̀ pé kó má lọ.
Ìwọ, máa lọ.
Sanra. Ya bùbá wọn. Jí wọn lóru.
Má wẹ̀yìn.

Ó wẹ̀yìn.
Ọ̀kadà wọn yà ní kọ́nà aṣọ́gbà, eruku gbé e.

Mo fọ abọ́ rẹ̀.
Mo tú ìrun kúrò lára tìmùtìmù.
Páálí mílíìkì yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mi ò tíì dáná sun ún.